Ìgò Omi Òkun Kan

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde la lọ, àwa ọ̀dọ́ ìjọ,
mẹ́rìndínlógún nínú bọ́ọ̀sì Fámúrewà.
Aago mẹ́rin ìdájí, ìrì ṣì ń sẹ̀ ní Ìjòkà.
A di mọ́ínmọ́ín, a di búrẹ́dì,
Iléṣà ò tíì lajú tí a fi kúrò níbẹ̀.

Yèyé Àwẹ̀ró ti jí, ó da ìborùn bo èjìká.
Ó ní, "Ẹ bá mi kí i."
Mo ní, "Kí ta ni?"
"Òkun. Ta ni mo tún mọ̀ lọ́nà Èkó?"

Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí.
Èmi tí mo mọ odò tí èèyàn lè fò kọjá,
tí mo mọ omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta,
tí a sì ń rí ibi tó já sí.
Èyí ò níbi tó já sí.
Ó kàn ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé,
bí onígbèsè tó ní òun ti wà lọ́nà.

Wọ́n ń gẹṣin lórí iyanrìn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lẹ́ẹ̀kan.
Ọmọ́tádé gun tirẹ̀, ẹṣin kọ̀, kò rìn,
ó ń wo omi bí ẹni tó jẹun yó.
Ẹnìkan ń ta àgbọn, ẹnìkan ń ta jígí dúdú,
ẹnìkan ní kí n sanwó ibi tí mo jókòó sí.
Mo dìde. Mo bọ́ bàtà.
Mo bu omi kún ìgò mínírà tó ṣófo.

Nílé, mo fi àwòrán inú fóònù han Yèyé.
"Nǹkan bíńtín yìí?"

Bàbá àgbà ṣòṣómàáló dé Ẹ̀pẹ́, dé Àgbádárìgì,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn onígbèsè létí òkun.
Ó ní lọ́dún tí gbèsè bá pé,
òun á mú aya òun lọ wo omi náà.
Gbèsè ò pé. Ọjọ́ ló pé.

Yèyé ṣí ìgò, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Iyọ̀ ni lóòótọ́."

Ó dà á sí ìkòkò, ó gbé e ka iná.
Igi kòkó ń jó, omi ń hó, ó ń fà,
títí ó fi ku nǹkan funfun díẹ̀ nísàlẹ̀.
Ó ha á sínú ẹ̀fọ́ alẹ́ ọjọ́ náà.

Iyanrìn wà níbẹ̀, ó ń dún léyín wa.
Kò sẹ́ni tó tu ú dànù.
Yèyé fìka nu àwo rẹ̀ mọ́,
ó ní, "Ó ti san án."