Eyín Ló Ń Gbọ́

Ẹ pa rédíò yẹn ná, Nọ́ọ̀sì Lóyinmí.
Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù náà, kó ku ẹ́ńjìnnì nìkan.
Ẹ ní láti Ìdànrè ló ti ń ké bọ̀,
pé bí ẹ ti ń gun òkè láàárín àpáta
ó ń han bí ẹ̀fọn tó há sétí ọmọ:
ẹ tẹ iná mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ lọ sókè,
ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó sọ̀ kalẹ̀, kò dákẹ́.

Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́.

N kò gbọ́ nǹkan kan.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lójú ọ̀nà Ọ̀dà,
ṣọ́ọ̀bù mi fara ti ti Fámúrewá panẹbítà,
òòlù rẹ̀ ti ṣa gbogbo ohùn tín-ín-rín lọ létí mi.
Ó ku àwọn ohùn ńlá: tírélà, ààrá,
orúkọ mi nígbà tí inú bá ń bí ìyàwó mi.

Tèmídire mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, kò sọ ọ́ rí.
Ó kàn máa ń dúró síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀.
Mo ní, "Fi jíà sí páàkì." Ó mi orí: ó ń ké.
"Fi sí niútírà." Ó ń ké.
Ohun tó ń ké nígbà tí ọkọ̀ ò rìn,
ẹ má gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá bẹ́ríìnì ẹsẹ̀.
Ó bọ́ bẹ́líìtì, páńpù sítíárì sinmi, ọ́tánétọ̀ sinmi,
ó tún sítáàtì, ó wò mí,
ó na ìka kan sábẹ́ ọkọ̀.

Mo tẹ́ páálí, mo rá wọlé.
Mo fi ẹnu sukurudíráfà gígùn kan ikùn jíà,
mo fi eyín di ìdí igi rẹ̀ mú.
Àgbọ̀n ló kọ́kọ́ mọ̀, kí egungun ẹ̀yìn etí tó mọ̀.
Lẹ́yìn, kò sí. Láàárín, ó jìnnà.
Níwájú, níbi tí jíà ti fẹnu ko ẹ́ńjìnnì, nílé páńpù,
ó wọlé wá bá mi:
ọmọ iléèwé tó ń fa ìdí ọ̀rá omi,
tí omi ti tán, tó ṣì ń fà á.

Òùngbẹ ló ń gbẹ páńpù yín.
Mo fa ọ̀pá ìwọ̀n jáde, mo nù ún, mo tì í, mo tún fà á:
ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló tutù.
Epo tó yẹ kó pupa bí sóbò
ti dúdú bí àgbo ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ gbé e símú
bí ẹni tó ń yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò,
ẹ ní, "Ó ti jóná."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Fíltà ti dí. A ó sọ páànù kalẹ̀;
bó bá jẹ́ eruku irin lásán ló wà lára mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ dúpẹ́,
bó bá jẹ́ èérún tó ń gúnni lọ́wọ́, ká jọ jókòó sọ̀rọ̀.

Eruku ni. Ó kúná bí èlùbọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà, epo ń kán sínú abọ́,
nígbà tí Tèmídire fọwọ́ kàn mí léjìká.
Ẹ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láti apá òsì.
Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ìka méjì ha ara wọn lẹ́bàá etí mi,
ẹ ní, "Ẹ gbọ́ ọ?"
Mo fẹ́ mi orí.
Ẹ ní, "Ọ̀gá Akínkúotu, ẹ má mi orí sí mi."

Fíltà tuntun, epo tuntun, lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀.
Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ojú Tèmídire rọ̀.
Síbẹ̀ mo tún fi eyín di igi mú, kó lè dá mi lójú.
Ẹ ò bá mi dúnàádúrà. Ẹ kọ nǹkan sẹ́yìn rìsíìtì:
Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, yàrá kejìlá, ẹ má fi ìyẹ́ ro etí.
Abẹ́ sípánà onímẹ́tàlá ni mo fi í sí,
èyí tí kò sí ọjọ́ tí n kì í mú un.