Má Ṣẹ́jú

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, oṣù kẹrin, ní Cromer,
mo ti wà létí òkun pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
ẹ̀wù òtútù méjì,
ìbọ̀wọ́ tí mo gé ìka kan kúrò lára rẹ̀
kí n lè tẹ bọ́tìnnì.
Òkúta ibí kì í jẹ́ kéèyàn yọ́ rìn.
Kẹ̀rẹ́, kẹ̀rẹ́, wọ́n ń tú mi fó fún ẹyẹ.
Ẹyẹ òkun kan yíjú sí mi,
ó rí i pé n kò mú búrẹ́dì dání,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Fọ́tò ni bàbá mi ń yà jẹun ní Ìlá.
Yàrá kan péré, àga kan, aṣọ dúdú kan,
ọgbà òdòdó tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ògiri.
Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni o, ọmọ tó fẹ́ wọ iléèwé ni o,
arúgbó tó wá ya èyí tí wọn yóò lò lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀,
ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́:
"Gbé àgbọ̀n sókè. Má mí. Má ṣẹ́jú."
Èmi ni mo ń gbé iná dání.
Kò ya igi rí. Kò ya odò rí.
Ó ní fọ́tò tí kò lójú, ta ni yóò wá gbà á?

Mo fojú mọ́ kámẹ́rà, mo sọ fún òkun pé, má ṣẹ́jú.
Ó ṣẹ́ ẹ.
Ìgbì kan padé bí ìpéǹpéjú, ó là,
òmíràn padé, ó tún là.
Àṣé ohun tí àwọn tó sọ àkókò ní ìṣẹ́jú rí nìyí,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlá jìnnà sókun.
Mo bá la ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú gbáko.
Ìgbì márùn-ún wọnú rẹ̀,
wọ́n di ẹyọ kan,
wọ́n funfun bí ooru ẹnu ìkòkò.

Ọ̀gbẹ́ni Gotts, apẹja alákàn,
fi katakata ti ọkọ̀ rẹ̀ pupa bọ́ sómi.
Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti ń rí ara wa,
ọ̀rọ̀ àárín wa kò tíì pé ogún.
"Òtútù."
"Òtútù ni."
Lánàá ó fi kún un pé ìyàwó òun fẹ́ràn ìdájí.
Lédè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lọ.
Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ nínú ara mi,
obìnrin náà ṣì ń bẹ níbẹ̀,
ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Mo fi fọ́tò òkun ránṣẹ́ sí Màmá lórí fóònù.
Ohùn rẹ̀ dé:
"Àwẹ̀ró, omi lásán? Èèyàn dà?
Ṣé kò sí wàhálà lọ́dọ̀ yín?"
Mo fi ti igi ìdènà omi ránṣẹ́,
tí ewédò rọ̀ mọ́ bí irun tí wọn kò yà.
"Igi jíjẹrà. O ṣeun, ọmọ mi."
Mo fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́, èyí tí n kò kà sí,
yanrìn tútù níbi tí omi ti fà sẹ́yìn,
ojú táyà katakata,
ojú bàtà ẹnìkan tó lọ tààrà sínú omi.

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn.
"Ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?"
Apẹja kan ni, Màmá.
"Ó sì padà dé?"

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta, n kò dúró rí.
Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti le, mo ti ń di ẹrù.

Mo dé kámẹ́rà lójú.
Mo jókòó sórí òkúta.
Tíì inú fúláàsì mi ti tutù pátápátá.
Ẹyẹ òkun àárọ̀ padà wá, ọwọ́ mi ṣì ṣófo,
kò sì lọ.