Ó Ti Dé Tipẹ́

Nazibrola ti dé ibùdókọ̀ Tbilisi
kí àwọn agbálẹ̀ tó gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀.
Ọkọ̀ ojú irin Yerevan, ó dalẹ́ kó tó ṣí.
Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ogójì ìṣẹ́jú ti tó.
Wọ́n á yẹ ìwé ìrìnnà wò,
wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀, ó parí."
Kò dá a lóhùn. Ẹrù ló ń kà:
wàràkàṣì, búrẹ́dì, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn
fún ọmọ-ọmọ tí kò tíì fojú kàn.

Ọdún kan wà tó dé lásìkò gan-an.
Bí aago ṣe ń lù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pèpéle,
iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ ń kéré, ó ń kéré,
àbúrò rẹ̀ obìnrin ń juwọ́ lójú fèrèsé.
Ìjuwọ́ ìkẹyìn ni. Ta ló mọ̀?

Ẹ má bi í léèrè pé wákàtí mélòó ló tọ́.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tútù,
ó kọjú sí irin méjì tí ń dán,
ó bó ẹyin kan,
ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó wá dógò ti àkókò
lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.