Ajá Aláìnírù

Yìnyín bo òrùlé, ó bo ọ̀nà, ó bo kànga;
gbogbo òkè Jura funfun bí ìwé tí ẹnìkan ò tíì kọ nǹkan sí.
Èmi Abramu, ọmọṣẹ́ Ọ̀gá Matile,
èmi ni mo ń yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ọmọlangidi náà:
ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún. Kò gbọdọ̀ pé méjìdínlógún.

Inú rẹ̀, idẹ lórí idẹ,
eyín ń bu eyín jẹ láìṣẹ̀jẹ̀,
kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí ọ̀gá fi ayùn gé
títí ojú ọ̀tún rẹ̀ fi ṣú.
Kò jẹ, kò mu, kò sunkún;
ṣùgbọ́n fún un ní lẹ́ẹ̀dì, kí o wòran.

Ó tẹrí. Ó fa ilà kan: etí ajá.
Ó fa òmíràn: imú.
Ó gbọ́wọ́ sókè, ó fẹ́ eruku dúdú kúrò lórí ìwé,
fùù!
Àwọn obìnrin a pariwo, pásítọ̀ a wolẹ̀.
Ewìrì ni, mo mọ̀, abẹ́ ìjókòó ló wà,
èmi ni mo rán awọ rẹ̀.
Síbẹ̀, bó bá ti fẹ́ fùù, irun apá mi a dìde.

Ẹsẹ̀ pé mẹ́rin. Ikùn pé. Ó ku ìrù.
Ibẹ̀ ló máa ń dúró.
Olówó kan láti Jẹ̀nífà gbé àpò fàdákà kalẹ̀
pé kí ọ̀gá fi ìrù sí i. Ọ̀gá ní rárá.
Mo rò pé idẹ ló tán.

Àná ni ìyá arúgbó kan wọlé,
ìka rẹ̀ wọ́ bí gbòǹgbò àjàrà:
Sálómè, àbúrò ọ̀gá,
tó ti ń ta wàràkàṣì lódìkejì òkè láti ogójì ọdún.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Etí, imú, fùù, ẹsẹ̀, ikùn. Ó dúró.
Ìyá náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ó jókòó tì mí,
ó ń kọ ìrìn ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni ń kọ gbèsè.
Ibi tí mo dé nìyí kí Màmá tó kígbe
pé ewúrẹ́ ti já sínú odò dídì."

Ó ní ká fún òun ní lẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.
Lẹ́ẹ̀dì bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga.
Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀. Ó mú ìwé náà, ó fẹ́ ẹ, fùù,
ẹnu ara rẹ̀ ló fi fẹ́ ẹ,
ó ní kí n tún un yí.

Mo ń kà á: mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún…