Níbi Tí Wọ́n Kọ "Ẹ̀sìn" Sí

Nọ́ọ̀sì kékeré náà gbé bírò sókè
ní ọsibítù ìjọba ní Àkúrẹ́.
Ó ti kọ ọjọ́ orí mi, ó ti kọ àdúgbò: Ìjọ̀kà.
"Ẹ̀sìn ńkọ́, Dádì?"
Mo ní, "N kò ní."
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ pé n kò ní ìdodo.
"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni, kì í ṣe ikú."
Ó wo orúkọ mi, Ebenísà Ògúntúyì,
ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn,
ó fa ìlà sábẹ́ Krìstẹ́nì.

N kò bá a jà.
Orúkọ mi ti ń sọ tẹnu rẹ̀ kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ:
bàbá bàbá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹmú àti òòlù,
pásítọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi ìsàmì,
àwọn méjèèjì jókòó sórí àga kan ṣoṣo,
wọn ò bi mí bóyá àyè kù fún èmi.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ omi ní Alágbàká.
Aago mẹ́jọ, orin.
Aago mẹ́sàn-án, àdúrà ṣì ń lọ lọ́wọ́,
àwọn tó wá fẹjọ́ sùn to síta nínú oòrùn.
Lọ́dún tí páìpù Arákàlẹ̀ gbẹ fún oṣù kan ààbọ̀,
ọ̀gá ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kejì mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà,
mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ síbi táǹkì.
Fáfù ni. Ẹnì kan ló tì í pa nígbà tó ń tún nǹkan ṣe,
ó gbàgbé, ó lọ fẹ̀yìn tì.
Mo fi sípánà yí i. Ó ké, ó yí.
Omi dé.
Lọ́jọ́ kẹta wọ́n jẹ́rìí títí aṣọ fi rin gbindin,
Abilékọ Adúlójú tí ń tẹ̀wé jó débi pé bàtà rẹ̀ já.
Mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí?
Sípánà ò mọ orin.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo jàre tán.
Ẹ sọ fún mi bí ènìyàn ṣe ń dágbére alẹ́
lédè yìí láì yá Ọlọ́run lò.
Ọmọ mi pè láti Ìbàdàn,
mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ ká jí ire,"
ó ti jáde kí n tó rí i mú létí aṣọ.
Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, "Olúwa mi o!" ni.
Mo dà bí ẹni tó ti kó kúrò nílé ẹbí,
tí kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ṣì wà lápò rẹ̀,
tó ń dún ṣaworo bó ti ń rìn.

Lóru Fúráìdè, ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì a tan gbohùngbohùn,
wọn a máa lé ọ̀tá tí n kò rí rí.
Mọ́ṣáláṣí a gbà á lẹ́nu wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.
Láàárín àwọn méjèèjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ kan wà
tó jẹ́ àkùkọ Alhájì Súnmọ́nù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Èmi àti Ìbídùn máa ń jí sí i.
Òun á gbàdúrà jẹ́jẹ́, á dárúkọ àwọn ọmọ, á kan èmi,
á ní, "Mo mọ̀ pé o ò ní ṣe Àmín.
Mo ti bá ọ ṣe é."

Ọdún mẹ́rin rèé.
Wọ́n ní ó wà níbì kan, ó ń wò mí.
Ní ọ̀nà Ọ̀dá la sin ín sí, lẹ́bàá igi kòkó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn,
ibẹ̀ náà ló wà.
Mo máa ń lọ ro ẹsẹ̀ igi náà. N kì í sọ nǹkan kan.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ pé,
"Ìbídùn, òjò ti rọ̀ o."

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà tutù, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀,
abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló fi rí iṣan.
"Ara yín á yá lórúkọ Jésù."
Ó dúró, ó ń retí.
Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi."
Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Àmín.