Búrẹ́dì Ọjọ́ Oòrùn

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e lọ, aago mẹ́ta òru.
Ìyàtọ̀ kò sí láàárín òru yẹn àti ọ̀sán tó tẹ̀ lé e:
ní Båtsfjord, nínú oṣù kìn-ín-ní,
aago nìkan ló mọ ìgbà tí ọ̀sán pọ́n.
Òkùnkùn ti jókòó sílé wa láti oṣù kọkànlá
bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ylva ní, "Bàbá, ẹ má sìn mí dé èbúté."
Mo sìn ín dé èbúté.
Ó ní kí n má gbé àpò òun. Mo gbé e.
Nígbà tó wá kù kí n sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti tọ́jú sẹ́nu láti àná,
ohun tó jáde ni:
"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ṣé onírun àgùntàn lo kó?"
"Méje ni, Bàbá."
Ọkọ̀ fọn fèrè. Ó parí.

Nílẹ̀ wa níbí, ìwé ìpè ológun kò mọ akọ, kò mọ abo.
Wọ́n bi í bóyá ó wù ú. Ó ní ó wù ú.
Èmi ni ẹnikẹ́ni kò bi.

Gunnvor aládùúgbò mi ní,
"Oṣù méjì péré ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.
Kí ló dé tí o ń ṣe bí ẹni tí òkun gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ?"
Òótọ́ ni.
Òótọ́ kì í sì í bo ni lẹ́sẹ̀ nígbà òtútù.

Nítorí náà mo ń so ìwọ̀ mọ́ okùn,
ọ̀ọ́dúnrún ìwọ̀ lójúmọ́, títí àtàńpàkò fi ń ta mí.
Truls, ajá wa, wọ́ bàtà Ylva kan lọ sẹ́yìn sítóòfù,
ó gbé àgbọ̀n lé e.
Mo bá a wí.
Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹsẹ̀ kejì fún un.

Èmi náà ṣe é rí, mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún.
Mo mọ ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ni
nítorí igun aṣọ ibùsùn tí kò gún.
Ìmọ̀ yẹn kò wúlò fún mi lálẹ́.
Bàbá mi kò kọ lẹ́tà kankan sí mi nígbà náà.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bínú sí i.
Àfi ìgbà tí mo jókòó ti bébà,
tí mo kọ "Ylva," tí mo fi àmì sí i,
tí kọfí tutù, tí mo tún sè é, tó tún tutù.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń dá fóònù wọn padà.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ ti há.
Ó ní gìgísẹ̀ òun bó, ó ní oúnjẹ wọn dára ju tèmi lọ,
ó rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí mi ò rí.
Lẹ́yìn rẹ̀ ẹnìkan kígbe, "Kvalvik!"
Orúkọ mi. Orúkọ bàbá mi.
Mo ti la ẹnu láti jẹ́ ẹ
kí ó tó ní, "Mo ń bọ̀!"
Kì í ṣe èmi ló ń dá lóhùn.

Lónìí oòrùn yọjú lórí òkè,
tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́,
ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Àwọn ọmọ ilé ìwé tú síta, wọ́n ń hó yèè,
búrẹ́dì roboto onísúgà lọ́wọ́ wọn, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún.
Mo ra méjì. Méjì ni mo ń rà látìgbà tó ti hu eyín.
Mo jẹ ọ̀kan lórí ìdúró.

Mo kọ ọ́ sí bébà:
*Oòrùn dé lónìí. Tìrẹ wà nínú fìrísà.*
Mo wò ó títí. Mo fẹ́ fi nǹkan kún un.
Truls gbó, ó fẹ́ jáde.
Mo lẹ àpòòwé náà.