Àga Keje

Wọ́n ti fi Verlin Stroud ṣe fíìmù.
Mo san dọ́là mẹ́jọ, mo ra gúgúrú tí n kò jẹ,
mo jókòó sí sinimá kékeré ẹ̀bá odò ní Evansville,
níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sùn bí ọtí bá ti pa á.
Òṣèré tí wọ́n fún ní ipa rẹ̀ lẹ́wà jù.
Verlin tí mo mọ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan ti dúdú,
bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bò ó bí ọmọbìnrin.
Eyín tèyí funfun kinkin. Ó rẹ́rìn-ín,
gbogbo sinimá bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ dúró ná. Ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.
Kámẹ́rà rọra kọjá lójú àwọn tí wọ́n pè wá dájọ́:
àwọn méjìlá, ojú wọn bí ògiri tí wọn ò tíì kùn.
Ẹni keje, obìnrin, aṣọ eérú lọ́rùn, kò lórúkọ.
Èmi nìyẹn.
Aṣọ mi kì í ṣe eérú lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ ewé ni.
Ìyá mi ló rán an.

Fíìmù náà kò fi ohun tó wà nínú ìwé hàn wá,
ó ní ká fojú inú wò ó.
Wọ́n gbé e lé èmi lọ́wọ́ ni,
láti ọwọ́ dé ọwọ́, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí.
Gaylord Pruett wò ó pẹ́ ju gbogbo wa lọ
kó tó sọ pé ẹ̀gbin ni.
Àwọn obìnrin wà níhòòhò, òótọ́ ni, ìyẹn kọ́ ló dùn mí.
Ojú ewé kẹtàlélógún: wọ́n ya àlùfáà wa, Tillman Oakes,
ní ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wàásù fún ẹlẹ́dẹ̀.
Ọkùnrin yẹn ló di ọwọ́ mi mú
lọ́jọ́ tí wọ́n ń bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọmọ mi.
Mo ní: ó jẹ̀bi.
Ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó lá ìyẹ̀fun.

Agbẹjọ́rò ń sọ̀rọ̀ báyìí, dùùrù ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Kò sí dùùrù lọ́jọ́ náà. Ikọ́ ló ń wú,
ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn.
Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ àgbà ní àwa méjìlá ṣìnà,
pé ẹnu ẹni tó ń rùn náà, ẹnu ni.
Mo bínú títí ìrèké fi dùn mí.

Ohun tí fíìmù fò nìyí.
Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà da májèlé sínú ilẹ̀ àdúgbò wa,
omi ẹ̀rọ ń run bí kẹrosíìnì, irun ọmọ Hazeltine ń já.
Mo gbé omi sínú ìgò, mo gbé e tọ ìwé ìròyìn ọmọlúàbí,
ìyẹn èyí tó ń gbé fọ́tò ìyàwó.
Wọ́n fún mi ní kọfí. Wọn kò tẹ nǹkan kan.
Ọjọ́ Ẹtì gbogbo ni ọlọ́dà ń ra ojú ewé wọn.

Mo wá gun àtẹ̀gùn Verlin.
Ó gbójú sókè, tàdáwà dé ìgúnpá.
Ó ní, “Àga keje.”
Ó fọwọ́ bo eyín.
Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìgò mi láàárín ìhòòhò méjì.
Gbogbo ìlú kà á. Kò sẹ́ni tó rà á.

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní, bó bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.
Èyí bọ́, ó di òròmọdìyẹ,
ó ń ké káàkiri ẹnu ọ̀nà ọlọ́dà.
N kò tíì dárí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn jì í o.

Iná tàn. Ọmọdékùnrin tó ń gbá gúgúrú nílẹ̀
bi mí pé, “Ìyá àgbà, ṣé ó dáa?”
Mo ní, “Eyín rẹ̀ mọ́ jù.”